Àlejò Mélòó Ni Ilé Wa Lè Gbà?

Abúlé Ìdí-Osè,
Etí títì Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àlàásàrì.

Hamdalah Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Àsàlámù aláékùm. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé nínú ilé ní Igando wà dáadáa, títí kan obìnrin tó o ní ó máa ń da omi ìfọṣọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ? Bá mi kí òun náà. Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí n gbọ́ ìròyìn burúkú nípa rẹ, ẹsẹ̀ tó o fi ń jáde lójoojúmọ́ kò ní kọ, òórùn ààtàn tó o ní ó máa ń wọlé bá yín nígbà òjò kò ní di àìsàn sí ọ lára. Àmín. Èmi náà wà bí Ọlọ́hun ṣe fẹ́ kí n wà. Orúnkún ọ̀tún ṣì ń dùn mí tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí lọ pe ìrun, àmọ́ ohùn mi ò tíì bàjẹ́, àwọn ará abà òdìkejì títì ṣì ń gbọ́ ọ.

Ewúrẹ́ funfun ti bí, mẹ́ta ló bí, akọ kan àti abo méjì. Ìjì ṣí òrùlé ilé ìdáná, a sì ti dá a padà. Morónkẹ́ ìyàwó Ọláyíwọlá bí ọkùnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Abdulmuiz, ó sì jọ bàbá Ọláyíwọlá débi pé ẹ̀rù ń ba àwọn tó jẹ bàbá náà ní gbèsè. Máńgòrò pọ̀ lọ́dún yìí, nílẹ̀ ló ń rà. Sìkírátù tó ń kó máńgòrò lọ sọ́jà Shasha l'Ékòó ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Ó ní tí òun bá já ẹrù tán, òun á wọkọ̀ dé Ẹ̀gbẹ́dá, òun á sì wá ọ dé Igando. Jọ̀ọ́, fún un lómi, kó o sì jẹ́ kó jókòó kó o tó ka lẹ́tà, nítorí màá bi í léèrè bí ojú rẹ ṣe rí.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù ò gba irú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ Àtàláátà tó o pè mí, inú ń bí ọ, o ní Bàbá, kí lẹ ṣe sí mi yìí, mo ní kí n ṣàlàyé, fóònù sì já. Raheem tó jókòó tì mí ní kò já, ó ní ṣe lo gé e. Mi ò gbà á gbọ́. Mo ní kó wò ó bóyá nǹkan ti ṣe ọ́, ó yẹ orúkọ rẹ wò nínú fóònù, ó sì ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a rí i gbẹ̀yìn ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Hamdalah, igbe ni mo fi ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe máa ń kéde ẹni tó sọnù lórí rédíò, pé a rí i gbẹ̀yìn pẹ̀lú bùbá aláwọ̀ ewé, ó dúdú, kò ga. Mo ní aṣọ wo ló wọ̀? Raheem ní fóònù ò sọ ti aṣọ. Ó tó wákàtí kan kó tó yé mi pé gbogbo èèyàn ni wọ́n ń kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ wọn, àti pé wọ́n ti kọ ọ́ sábẹ́ tèmi náà.

Nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí látìbẹ̀rẹ̀, kó o lè mọ̀ pé kì í ṣe pé mo fẹ́ dójú tì ọ́.

O rántí Raheem tó máa ń lẹ táyà. Kò lẹ táyà mọ́, iná oòrùn ló fi ń bá àwọn èèyàn ṣáàjì fóònù báyìí, lábẹ́ igi osè. Ní gbogbo ọjọ́ Àlàmísì, tí a bá kírun tán, ó máa ń tan ìtàn kan sókè lórí fóònù kí gbogbo wa lè gbọ́. Obìnrin kan tí a kì í rójú rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ó ní ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Súmbọ̀, tó fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá, tí kò sì padà wálé mọ́. Kì í ṣe pé kò rọ́nà o. Ní ọ̀sẹ̀ kan a ó gbọ́ pé ó ti di àpò rẹ̀, ó ti dé gáréèjì, ó ti sanwó ọkọ̀, inú wa á dùn, a ó sì lọ sùn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a ó gbọ́ pé ó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ti padà sílé tó háyà. Àdíját aládùúgbò wa máa ń sunkún. Èmi náà, ojú mi kì í gbẹ.

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára débi pé mo gbé e lọ bá Lèmọ́ọ̀mù, mo ní ká fi àdúà ran ọmọ yìí lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra la gbàdúà fún un lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀. Lèmọ́ọ̀mù bi mí pé kí lorúkọ bàbá rẹ̀, torí pé a gbọ́dọ̀ dárúkọ bàbá. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ní kó ṣì máa fi tèmi sí i ná. Súmbọ̀ ọmọ Àmúsà la fi ń pè é níwájú Ọlọ́hun.

Àsìkò yẹn ni Raheem sọ fún mi pé àwọn tó fẹ́ràn ìtàn yìí ní ẹgbẹ́ lórí fóònù, wọ́n jẹ́ irinwó ó lé méjìlá, wọn ò ríra rí, wọ́n sì fẹ́ pàdé lójúkojú fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní wọ́n ń wá ìlú tó máa gbà wọ́n lálejò, pé orúkọ Ìbàdàn, Ìlọrin àti Igando ni wọ́n ti kọ sílẹ̀, àti pé ọmọ mi Hamdalah ni olórí àwọn tó ń yan ìlú. Orí mi wú. O ò sọ fún mi rí pé olórí ni ọ́ níbì kankan.

Ibi tí mo ti ṣìnà nìyí. Mo rò pé Súmbọ̀ lẹ fẹ́ pé jọ láti wá. Kí ló tún lè mú kí irinwó èèyàn fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà? Lọ́dún tí wọ́n bí ọ, nígbà tí bàbá Ọláyíwọlá sọnù sóko, ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni gbogbo wa kọ́kọ́ pé sí ká tó wọgbó, torí ibi tí èèyàn ti jáde la ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí wá a. Mo wá ń wò ó pé kí ni ẹ fẹ́ lọ ṣe ní Igando? Ibẹ̀ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọnù sí. Abúlé ló ti jáde. Mo sọ fún Raheem pé abúlé ló yẹ kí wọ́n pàdé, àti pé Ìdí-Osè á gbà wọ́n.

Raheem bá mú mi wọ inú ẹgbẹ́ náà. O mọ bí a ṣe ń ṣe lágbo àsàlátù wa, ẹni tó bá wọlé á bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá kí gbogbo èèyàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a máa ń sọ pé ó gbéra ga. Mo ní kí Raheem bá mi kí wọn bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ló gbà wá. Mo kí Adébùnmí, mo ní báwo lọ́kọ, báwo lọmọ. Ó ní òun ò tíì lọ́kọ, mo sì gbàdúà ọkọ fún un níwájú gbogbo wọn. Richard tó ń gbé ní Pleasure l'Ékòó ní kí ẹnì kan jọ̀ọ́ lé bàbá yìí jáde, pé láti àná ni fóònù òun ò ti sinmi. Mo fèsì pé mo ti kí i lánàá, tèmi pẹ̀lú rẹ̀ ti parí, àwọn yòókù ló kù. Mo rí fọ́tò Tolúwalọpẹ́, ọmọ oṣù mẹ́fà ni, kò tíì léyín, ó ń bá àwọn àgbà jiyàn lórí jẹnẹrétọ̀, mo ní kí Ọlọ́hun dá a sí fún àwọn òbí rẹ̀. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ òdòdó. Òmíràn jẹ́ ológbò, mo sì ti sọ fún Àdíját kó so ajá rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé.

Lẹ́yìn náà la gba fọ́ọ̀mù àwọn ìlú tó fẹ́ gba àlejò. Raheem ń kà, èmi ń dáhùn, òun ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní gbọ̀ngàn wo ló máa gba irinwó èèyàn, mo ní abẹ́ igi osè. Wọ́n ní ṣé òrùlé rẹ̀ kì í jò, mo ní láti ìgbà bàbá bàbá mi, ó ń jò díẹ̀díẹ̀ ni. Wọ́n ní ṣé iná wà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ títí oòrùn á fi wọ̀. Wọ́n béèrè ibi ìgbọ́kọ̀sí, mo ní kò sẹ́ni tó lọ́kọ̀ níbí, gbogbo ilẹ̀ ló ṣófo. Wọ́n béèrè ti ààbò, mo dárúkọ Bàbá Yahya ọdẹ, mo sì fi kún un pé kò ríran dáadáa mọ́, kí wọ́n má sọ fún olè. Wọ́n ní ṣé nẹ́tíwọ̀kì dára, mo ní ó dára gan-an lórí àpáta, ẹni tó bá nílò rẹ̀ á gùn ún, èmi ò ní lè sìn ín débẹ̀ nítorí orúnkún.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni pé àlejò mélòó ni ìlú yín lè gbà sùn. O rántí bí a ṣe ń ṣe é nígbà tí àsàlátù gbogboogbò bá kàn wá. Mo tọrọ ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ tíṣà, mo ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, iye tí onílé bá ní òun gbà ni mò ń kọ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ó má di pé àlejò ń jókòó síta lórí ẹrù rẹ̀. Ọláyíwọlá gba mẹ́rin. Sìkírátù gba mẹ́fà, ó ní òun á sùn láàárín apẹ̀rẹ̀ máńgòrò. Ìyá Lèmọ́ọ̀mù gba ẹyọ kan tí kì í hanrun. Inú gbogbo èèyàn dùn, Hamdalah. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fẹ́ wá sí abúlé wa.

Nígbà tó di ọjọ́ ìdìbò, Raheem kó gbogbo ẹni tó ní fóònù wọ inú ẹgbẹ́ náà, títí dé abà mẹ́ta tó yí wa ká. Ìdí-Osè gba àádọ́rùn-ún ìbò, Igando gba ọgọ́rin, Ìbàdàn gba ogójì, Ìlọrin gba mẹ́sàn-án. A hó yèè. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ro koríko ojú ọ̀nà kó o tó pè mí.

Kí fóònù tó já, o ní wọ́n ń sọ pé ìwọ lo ki àwọn ará ilé rẹ bọ inú ìbò. O ní Adébùnmí ti ní kí wọ́n yọ ọ́ nípò. O ní láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti kú, inú ẹgbẹ́ yẹn nìkan lo ti máa ń rẹ́rìn-ín, àti pé mo ti bà á jẹ́. O wá ní Bàbá, kò sí ẹni tó ń jẹ́ Súmbọ̀, ìtàn lásán ni. Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ, kì í ṣe pé mo kàn ń wá nǹkan sọ, ó dùn mí dénú pé mo fọwọ́ kan ibi tó o ń gbé ara lé.

Ohun tí mo ti ṣe nìyí. Lọ́jọ́ Àlàrùba, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, mo pe gbogbo ará ilé, mo ní kí wọ́n gba ìbò wọn padà kí wọ́n sì jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́gbẹ́. Àwọn kan bínú, àmọ́ wọ́n ṣe é. Raheem sì bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi Àmúsà, ládánì Ìdí-Osè, ni mo ṣe gbogbo rẹ̀, pé Hamdalah ò mọ nǹkan kan, pé tí wọ́n bá fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni, èmi ni kí wọ́n yọ. Mo ṣàlàyé ti Súmbọ̀ náà fún wọn, bí a ṣe ń gbàdúà fún un.  Richard tó fẹ́ lé mi ló kọ́kọ́ béèrè bí orúnkún mi ṣe ń ṣe. Adébùnmí ní àwọn ò yọ ẹnikẹ́ni, pé Igando ló wọlé, àti pé Hamdalah náà ni olórí. Mo bá ọ yọ̀. Sìkírátù gbé apẹ̀rẹ̀ máńgòrò kan dání, ti àwọn àlejò rẹ ni, má tà á.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí Raheem ń wá ibi tó máa kọ àforíjì mi sí, ó ṣí ohun tó o ti kọ lóṣù tó kọjá. Ó fẹ́ yára kọjá, mo ní kó kà á fún mi. O sọ fún wọn pé ìlú tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n mú, àmọ́ tó bá jẹ́ Ìlọrin, ìwọ ò ní lè wá, nítorí ọkọ̀ Ìlọrin á gba iwájú ilé bàbá rẹ kọjá.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó dùn mí. Mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo rò ó pé kí ni mo ṣe fún ọmọ yìí tí kò fẹ́ rí ilé mi láti inú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá rántí ọjọ́ fídáù ìyá rẹ. Gbogbo èèyàn wà níta, o dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, o di ọwọ́ ilẹ̀kùn náà mú, o ò ṣí i. O dúró pẹ́. O wá lọ gbé àpò rẹ, o ní iṣẹ́ ń dúró dè ọ́ l'Ékòó, o ò sì wálé mọ́ láti ìgbà náà, ọdún mẹ́ta rèé. O rò pé tẹ̀súbáà ni mò ń kà, pé mi ò rí ọ. Mo rí ọ.

Èmi náà ò tíì wọ ibẹ̀, Hamdalah. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà wọ yàrá mi kí n má bàa kọjá níwájú rẹ̀. Àwọn èèyàn ń yìn mí pé láti ọjọ́ tí ìyàwó ládánì ti kú, mọ́ṣáláṣí ló kù tó ń gbé. Wọn ò mọ̀ pé ilé ni mò ń sá fún. Torí náà mi ò lè bá ọ wí.

Àdúà tí a ti gbà fún Súmbọ̀, mo bi Lèmọ́ọ̀mù pé kí la máa fi ṣe nígbà tí kò ti sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní orúkọ bàbá la ṣáà fi pè é, Ọlọ́hun á mọ ọmọ tó ni ín.

Tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, tí kò sì ní ni ọ́ lára, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún Raheem, dátà tó rà fún oṣù kan la fi kí àwọn èèyàn rẹ tán lọ́jọ́ méjì. Mo tún fẹ́ ọ̀rá ìpara fún orúnkún, irú èyí tó máa ń ta èèyàn, àti páálí ṣọ́ọ̀kì kan tí màá fi dá ti tíṣà padà. Tí kò bá sí, kò sí wàhálà, ìwọ ṣáà jẹun. Ọlọ́hun á jẹ́ kí ìpàdé yín lárinrin, òjò ò ní bà á jẹ́, ẹni tó bá wá kò ní kàgbákò lọ́nà. Ọwọ́ rẹ ò ní ṣófo, ẹ̀rín ò ní tán lẹ́nu rẹ, ibi tó o bá dúró sí, wọ́n á gbọ́ ohùn rẹ. Àmín.

Mi ò sọ pé kó o wá o. Tó o bá di àpò rẹ tó o dé gáréèjì, tó o wá padà sílé, ìyẹn náà tó, ọ̀sẹ̀ mìíràn tún ń bọ̀. Tó o bá sì dé, yàrá mi lo máa sùn, èmi á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ní kó o ṣí ilẹ̀kùn kankan. Tó bá wù ọ́ lọ́jọ́ kan, a ó jọ ṣí i.

Ilé wa ni mo kọ gbẹ̀yìn lọ́jọ́ tí mò ń kọ nọ́ńbà sára ògiri. Yàrá mẹ́rin ló wà níbẹ̀, àlejò kan ṣoṣo ni mo kọ pé ó gbà. Sìkírátù fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ládánì ahun. Òjò ńlá rọ̀ lánàá, ó fọ nọ́ńbà ara gbogbo ilé dànù, kò sì sẹ́ni tó tún un kọ, nígbà tí àlejò ò ti wá mọ́. Mo ti tún tiwa kọ láàárọ̀ yìí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àmúsà.